Bàbá Tó Ń Yan Ẹja fún Orí Tábìlì

Wọ́n parọ́ mọ́ bàbá mi àgbà níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ààfáà tó wàásù lọ́jọ́ náà kò mọ̀ ọ́n rí, wọ́n kàn kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé pélébé kan fún un ni. Ó wá ń sọ fún gbogbo wa pé olóògbé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé rẹ̀. Mo wo Àǹtí Rísì, àbúrò bàbá mi, òun náà wò mí, àwa méjèèjì sì sorí kọ́ kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lójú wa. Bàbá tí mo mọ̀ máa ń jà. Ó bá mánijà báǹkì jà, ó bá lọ́yà jà, ó bá ìyàwó pásítọ̀ jà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fẹ́ fi góòlùfíìṣì, ẹja pupa tí wọ́n ń sìn fún ẹwà, sínú gíláàsì tí kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, Bàbá máa bá a jà. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Mi ò fẹ́ kí irọ́ rere yẹn jẹ́ ohun ìkẹyìn tí wọ́n máa sọ nípa rẹ̀, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé irọ́ tí wọ́n fi ń ṣe èèyàn lóore ló kórìíra jù.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi. Ojúlé kan ṣoṣo ni ní Àgọ́ Palace, láàárín ẹni tó ń ta ìlẹ̀kùn àti obìnrin tó ń dirun. Táńkì gíláàsì mẹ́rìnlá ló tò sára ògiri, tí ẹja wẹ́wẹ́ aláràbarà ń rìn nínú wọn. Bàbá Ẹlẹ́ja ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì máa ń ṣi àlejò lọ́nà. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹnì kan á gbé abọ́ wọlé, á ní òun fẹ́ ra ẹja yìnyín. Bàbá kì í bínú sírú wọn. Á juwe ibi tí wọ́n ti ń tà á fún wọn, á sì fi kún un pé, "Tèmi yìí, ojú la fi ń jẹ ẹ́."

Ọmọ Ìwó ni. Ó wá sí Èkó nígbà ọ̀dọ́, ó sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ gbé ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú, níbi tí wọ́n ti ń já ọjà kúrò nínú bàálù. Ibẹ̀ ló ti pàdé ẹja. Páálí kan dé lọ́jọ́ kan, ẹni tó ni ín kò yọjú, páálí náà sì wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ọ̀gá wọn ní kí wọ́n lọ dà á nù, Bàbá tú u wò. Ó bá ọ̀rá tó kún fún omi nínú rẹ̀, ẹja bí ìka ọmọ ọwọ́ sì wà nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ ti kú. Méje ló ṣì ń mí. Ó kó méjèèje wálé nínú ike, Ìyá àgbà sì bi í pé èwo ni kí òun dín nínú wọn. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn yìí fún wa kó tó ṣaláìsí, bó bá sì dé ibi èsì ọkọ rẹ̀, á mú ohùn ki bíi tirẹ̀: "Ohun tó bá rìn jìnnà tó báyìí tí kò kú, ó yẹ kí ẹnì kan gbà á lálejò."

Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, àwọn ará báǹkì tó wà lójú ọ̀nà wa níbẹ̀ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Àjàó Estate. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń fẹ́: gíláàsì kékeré tó lè jókòó lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, àti ẹja tó máa tan yẹ́ríyẹ́rí nínú rẹ̀. Wọ́n á nawọ́ sí góòlùfíìṣì. Gbogbo ayé ló ń nawọ́ sí góòlùfíìṣì. Bàbá á ní kí wọ́n jókòó ná. Á ṣàlàyé fún wọn pé ẹja yẹn máa ń dàgbà ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, pé ó ń jẹun gan-an, ó sì ń yàgbẹ́ gan-an, pé nínú gíláàsì kékeré, ìdọ̀tí ara rẹ̀ ló máa pa á. Nígbà tí ìyàwó pásítọ̀ tí mo wí lẹ́ẹ̀kan ní kò sí wàhálà, òun á máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́, Bàbá bi í bóyá ó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ lójoojúmọ́. Obìnrin náà jáde, kò sì padà wá fún oṣù mẹ́ta.

Lọ́yà ní tirẹ̀ jẹ́ ọkùnrin Àjàó Estate kan tó ń kánjú. Ó fẹ́ ra gíláàsì, omi àti ẹja lọ́jọ́ kan náà, kó gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì. Bàbá ta gíláàsì fún un, ó fi yanrìn àti ewé omi sí i, ó wá ní kó lọ gbé omi lásán sórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko. Ó ní omi tuntun kò tíì mọ bí a ṣe ń gba ẹja, pé àwọn nǹkan tíntìntín tí ojú kò rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ máa gbé ibẹ̀, àwọn ni yóò máa jẹ ìdọ̀tí tí ẹja bá ṣe. Lọ́yà ní ṣé kí àwọn èèyàn òun wá máa wo òun pẹ̀lú àgbá omi lójú? Wọ́n sì wò ó lóòótọ́, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u. Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń pariwo, Bàbá náà pariwo sí i. Àmọ́ ó dúró pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹja tó rà sì lo ọdún mẹ́ta lórí tábìlì yẹn. Ohun tí Bàbá sọ fún un lọ́jọ́ ìjà ni òun náà ń sọ fáwọn ẹlòmíì báyìí: "Ẹni tí kò lè tọ́jú omi, kí ló fẹ́ fi ẹja ṣe?"

Ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń bi oníbàárà kó tó yan ẹja fún un. Lítà mélòó ni gíláàsì yẹn ń gbà? Bí kò bá ju ogún lítà lọ, ẹja kan ṣoṣo ni, èyí tí wọ́n ń pè ní fáítà, alápá gígùn tí ara rẹ̀ ń dán bí àrán. Ìyẹn fẹ́ kó dá gbé, kò sì fẹ́ kí omi máa ru gùdù lára rẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, èèyàn lè kó gọ́pì mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i, ẹja wẹ́wẹ́ onírù aláwọ̀, kó jẹ́ akọ nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò bímọ kún ọ́fíìsì. Ìbéèrè kejì ni pé ta ló wà níbẹ̀ ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ẹ̀kẹta ló kà sí jù: èèyàn mélòó ló ń jẹun nítòsí tábìlì náà?

Ẹni tí kò mọ̀ wá lè rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ta ló lè jẹun nínú wa kí ojú kan máa wò ó lẹ́nu, kó má fi lọ̀ ọ́? Wọn ò tọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹja sì rèé, kò ní ìpéǹpéjú, gbogbo ìgbà ló ń woni. Ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì á já díẹ̀ sí i. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà á fún un ní èérún. Ìyá tó ń gbálẹ̀ á wọ́n gàárì sí i pẹ̀lú àdúrà. Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, omi ti ń rùn, ẹja ti dojú délẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mánijà báǹkì nìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wá bá Bàbá pé ẹja burúkú ló ń tà. Bàbá tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì, ó bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ní àwọn ò ṣe é ní nǹkan kan, oúnjẹ nìkan làwọn fún un. Bàbá wo gbogbo wọn pátá, ó ní, "Ẹ ò ṣìkà. Àánú lẹ fi pa á."

Láti ọjọ́ náà, gíláàsì tó bá jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa, ó ní ìwé tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Èmi ni mo ń kọ ọ́, Bàbá ló ń sọ ohun tí n ó kọ: "Mo ti jẹun. Ẹ ṣé é." Kò sí nǹkan míì níbẹ̀. Ẹja dẹ́kun kíkú, torí kò sí ọmọ Yorùbá tó máa fi oúnjẹ ni ẹni tó ti dúpẹ́ lára.

Ṣé ẹ rí ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀? Ó mọ ẹja, ṣùgbọ́n ó mọ èèyàn jù ú lọ. Ilé ìtajà oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, àmọ́ gbogbo Sátidé ni mo fi ń lọ jókòó tì í. Àbẹ̀kẹ́ ló máa ń pè mí. Kì í yìn mí. Bí mo bá fọ táńkì tó mọ́ bí ojú ọ̀run, á ní, "Ó tó," ìyẹn sì tó mi jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ní àwọn Sátidé yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé ojú rẹ̀ ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé imú lé gíláàsì kó tó rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ń da oúnjẹ ẹja sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì. Mo lè wọlé, kí n kúnlẹ̀, kó tó bi mí pé ta nìyẹn. Kò sọ fún mi, èmi náà ò sì bi í. Ohun tó ń ṣe ni pé á pè mí bí ẹni tó fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, wo táńkì kẹfà yẹn. Ara wọn dá?" Màá wò wọ́n, màá ní ara wọn dá, sà. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Àwa méjèèjì mọ̀ pé bí bàbá mi àti Àǹtí Rísì bá gbọ́, wọ́n máa ti ṣọ́ọ̀bù náà pa lọ́jọ́ kejì, wọ́n á sì gbé e lọ sí Ìwó kó lọ máa jókòó sójú kan. Ìyẹn ni kò fẹ́. Èmi náà ò fẹ́ ẹ fún un.

Sátidé kan nígbà ọyẹ́, Ìyá Bọ́lá, tó ń ta aṣọ lọ́jà Aswani, wá ra gọ́pì fún orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Bàbá mú un dé táńkì kẹrin. Ó ní gọ́pì tó dára tó báyìí kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù òun láti ọdún tó kọjá. Ó sọ ọ́ sókè, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi: "Àbẹ̀kẹ́, ara wọn dá?"

Mo wo táńkì. Méjì nínú wọn ní nǹkan funfun tótòtó lára ìrù, bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí wọn. Mo mọ àrùn náà, òun ló kọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó ń ràn bí iná ọyẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ níwájú oníbàárà pé ohun tí bàbá mi àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ kò rí bẹ́ẹ̀? Ní ilé wa, ọmọ kì í sọ fún àgbà pé kò ríran dáadáa, kódà bó jẹ́ pé àgbà náà ń fọwọ́ wá ògiri. Mo sọ fún ara mi pé bí obìnrin náà bá ti lọ, n ó sọ ọ́.

"Ara wọn dá, sà."

Obìnrin náà lọ, Bàbá ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì sọ ọ́. Mo lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, ó ti ta ẹja láti inú táńkì kan náà fún àwọn mẹ́fà mìíràn.

Ọjọ́bọ̀ yẹn ni Ìyá Bọ́lá gbé òkú ẹja wá nínú ọ̀rá. Bàbá ní kó ṣàpèjúwe ohun tó rí lára wọn. Nígbà tó ní ó dà bí iyọ̀, Bàbá jókòó. Ó ránṣẹ́ pè mí, mo sì dé ibẹ̀ nígbà tí mo kúrò níbi iṣẹ́. Mo rò pé á pariwo, torí mo ti rí i bó ṣe ń pariwo lé àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn kéré sí tèmi lórí. Kò pariwo. Ó bi mí bóyá mo rí i lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní mo rí i. Ó ní kí ló dé tí mi ò sọ? Mo ní mi ò fẹ́ dójú tì yín níwájú oníbàárà, sà.

Ó wá ní, "Ọ̀wọ̀ tó pa ẹja lónìí, Àbẹ̀kẹ́, èmi ló máa pa lọ́la."

Ohun tó ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mi ò lè gbàgbé láyé. Ó wọ agbádá rẹ̀ funfun, ó ní kí n gbàyè níbi iṣẹ́, kí n di òun lọ́wọ́ mú. Ilé méjèèje la lọ, láti Aswani dé Àgọ́ Palace, láti ibẹ̀ dé Àjàó Estate. Kì í ṣe kọ̀rọ̀ ló ń pè wọ́n sí. Àárín ọ́fíìsì ló ń dúró sí, níbi tí gbogbo wọn ti lè gbọ́, á ní, "Ẹja tí mo tà fún yín ń ṣàìsàn. Ojú mi ti lọ, mi ò rí i, mi ò sì jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò ríran mọ́. Ẹ dárí jì mí, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ tọ́jú." Lọ́yà tó ń kánjú yẹn wà lára wọn. Ó dìde lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá pẹ̀lú táì lọ́rùn.

Ní gbogbo ilé tí a dé, mo ń dúró de ìgbà tó máa sọ pé ọmọ yìí ló purọ́ fún òun. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí. Kò dárúkọ mi níbì kankan. Nígbà tó di ilé keje, omijé ti gba ojú mi, mi ò sì lè nù ún torí ọwọ́ mi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkejì di ike ẹja mú.

A kó àwọn tó kù láàyè padà, a tọ́jú wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì yè. Nígbà tí a dá wọn padà tán, Bàbá fúnra rẹ̀ ló pe Àǹtí Rísì lórí fóònù, ó ní kí wọ́n wá bá òun palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ẹnikẹ́ni kò fi dandan mú un. Àǹtí Rísì tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ kan. Ó ní, "Iṣẹ́ mi ni kí n yan ẹja. Bí mi ò bá rí ẹja, kí ni mò ń yàn?"

Kò gbà kí wọ́n gbé òun lọ sí Ìwó, ó kó lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Rísì ní Ìsọlọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè: tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gíláàsì ogún lítà lórí rẹ̀, àti ẹja. Àǹtí Rísì ní kí ni afọ́jú fẹ́ fi ẹja ṣe? Bàbá yíjú síbi tí mo wà. Èmi ló ní kí n lọ yan ẹja náà.

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Èmi tí mo purọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí omi gíláàsì náà fi ń dúró de ẹja ni mo fi lọ káàkiri kí n tó ra fáítà pupa kan. Ó bi mí ní ìbéèrè bó ṣe máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ ta ẹja fún un, mo sì dá a lóhùn bó ṣe rí, kì í ṣe bó ṣe yẹ kó rí. Mo ní ìrù rẹ̀ ya díẹ̀ lápá òsì. Ó ní ṣé èyí tó ya lo fi owó rà? Mo ní òun ló ń jẹun jù nínú gbogbo wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó tó." Láti ìgbà náà, bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, màá ya ibẹ̀, màá sọ bí ẹja ṣe jí, ibi tó dúró sí, bóyá ó jẹun. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti Bàbá, inú ohùn ló wà. Bí mo bá fi nǹkan kan sílẹ̀, ó máa ń mọ̀.

Ọdún kan àti oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Dókítà bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́ pé àìsàn náà ti kọjá oògùn. Wọ́n jáde síta, wọ́n fi ẹnu kò pé àwọn ò ní í sọ fún un, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ọgbẹ́ inú ni wọ́n sọ fún un pé ó jẹ́, pé ó máa san. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún èmi náà, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi. Ọmọ ọmọ ni mí, mo pa ẹnu mi mọ́.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ẹja kú. Sọ́ńdè ni, ní òwúrọ̀. Àǹtí Rísì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní Bàbá ti béèrè, òun sì ti sọ fún un pé ẹja ń jó nínú omi, kí n jọ̀ọ́ kí n má ba ti òun jẹ́, pé kò sí agbára ìròyìn burúkú lára rẹ̀ lónìí. Àǹtí mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀, kò sì tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní mo gbọ́, mà.

Mo wọlé. Ó ti rù gan-an. Kí n tó kúnlẹ̀ tán, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹja ńkọ́?"

"Ó ti kú, Bàbá."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Mo mọ̀. Rísì ní ó ń jó. Ọjọ́ wo lo sọ fún mi rí pé ẹja yẹn ń jó? Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Ó na ọwọ́ jáde, ó ń wá mi lójú afẹ́fẹ́, mo sì gbé ọwọ́ mi sínú rẹ̀. Ó dì í mú pinpin, ju bí mo ṣe rò pé agbára rẹ̀ ṣì tó lọ.

"Ó dáa," ló wí. "Èmi náà ńkọ́?"

Àǹtí Rísì ti tẹ̀ lé mi dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń mi orí sí mi pé rárá. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo sì sọ fún un ohun tí dókítà wí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó mí kanlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn ọwọ́ mi.

"O ṣé é, ọmọ mi," ni ó wí. "Sọ fún Rísì kó wọlé wá jókòó, kó yéé dá sunkún lẹ́nu ọ̀nà."